Rírà Tàbí Títà: Àgbéyẹ̀wò Èdè Ṣáínà Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀kọ́ Àfikún fún Ọmọ Kambolé ní Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè Ṣáínà tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó mọ ohunkóhun mìíràn. Mǎi ni rírà. Mài ni títà. Bí a bá fi lẹ́tà bíi tiwa kọ wọ́n, lẹ́tà kan náà ni méjèèjì. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ẹni tó bá gbé ohùn gba ọ̀nà òdì á máa kéde pé òun fẹ́ tà, nígbà tó jẹ́ pé rírà ló gbé e dé ọjà. Ọmọ Faransé tàbí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi oṣù púpọ̀ bá ọ̀rọ̀ méjì yìí wọ̀jà. Ní tiwa, láti ẹ̀yìn ìyá la ti gbọ́ pé igbá kì í ṣe igba, pé igba kì í sì í ṣe ìgbà.

Etí yìí ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, etí tí ọmọ Kambolé, ọmọ Tchamba àti ọmọ Sokodé gbé wọ yunifásítì láìmọ̀ pé ọrọ̀ ni. Ìbéèrè náà ni pé: ọmọ tó lọ kọ́ òfin, ètò ọrọ̀ ajé, iṣẹ́ ọ̀gbìn tàbí ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, ṣé ó tọ́ kó fi èdè Ṣáínà kún un? Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ èdè Ṣáínà là ń sọ. Ẹni tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ni, tó ń wá ohun tó máa fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Kambolé wà ní agbègbè Tchamba, ní àárín gbùngbùn Togo, lápá ibi tí ààlà Benin wà. Èdè ibẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá. Àwọn onímọ̀ èdè so ó pọ̀ mọ́ ti Manigri tó wà lódìkejì ààlà, wọ́n sì ń pe méjèèjì ní Ede Nago. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ kì í gbọ́ èdè kan ṣoṣo. Èdè ilé rẹ̀ rèé. Bó bá dé ọjà Sokodé tàbí Kouloundè, Tem ló máa fi ná ọjà, èdè tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Kotokoli. Ní ilé kéú, ó ti fi kálàmù kọ Lárúbáwá sára wàláà. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní gbogbo kíláàsì. Ní collège, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ní lycée, Jámánì tàbí Sípáníìṣì. Ọjọ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Lomé, nǹkan bíi 340 kìlómítà sí Sokodé, Ewe àti Mina ló máa gbọ́ nínú mọ́tò àti nídìí olóúnjẹ. Ẹni tó ti ru èdè mẹ́fà tàbí méje dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, kí ni yóò lé e sá fún ọ̀kan sí i? Mo sọ èyí nítorí àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé orí ọmọ á kún. Orí ọmọ náà ti kún tipẹ́, kò sì dà nù.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972 ni Togo àti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ àjọṣe láàárín ìjọba sí ìjọba. Kì í ṣe ìwé ni ará ìlú kọ́kọ́ fi mọ̀ wọ́n, iṣẹ́ ni. Ní Anié, lójú títì tó ń ti Atakpamé bọ̀ wá sí Sokodé, ilé iṣẹ́ ṣúgà SINTO ti wà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà láti nǹkan bí ọdún 1987. Ẹni tó bá ń gun mọ́tò láti Lomé lọ sílé á kọjá lẹ́bàá oko ìrèké wọn. Lẹ́yìn náà ni aṣọ dé. Àwọn obìnrin tí à ń pè ní Nana Benz, tó fi àǹkárá láti Holland di ọlọ́lá ní Lomé, rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí pé àǹkárá Ṣáínà ti gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó tẹ̀ lé wọn, tí wọ́n ń pè ní Nanettes, ò dúró de Holland mọ́. Ṣáínà ni wọ́n ti ń pàṣẹ aṣọ, àwọn kan ń wọ bàálù lọ síbẹ̀ fúnra wọn. Alùpùpù tẹ̀ lé aṣọ. Lónìí, alùpùpù tó gbé ọlọ́jà láti Kambolé dé Tchamba, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé Ṣáínà ló ti wá, òun àti táyà rẹ̀ àti pílọ́ọ̀gì rẹ̀. Ní 2016, wọ́n ṣí ilé èrò tuntun ní pápákọ̀ òfurufú Lomé. Báǹkì Exim ti Ṣáínà ló yá Togo lówó tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ẹ̀kọ́ èdè dé. Nairobi ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá Ilé Ẹ̀kọ́ Confucius, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Ṣáínà, sílẹ̀ ní Áfíríkà, lóṣù Kejìlá ọdún 2005. Ní 2009, ó kan Yunifásítì Lomé, pẹ̀lú Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Èdè ti Sichuan gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe. Lọ́dún kan náà, Abomey-Calavi ní Benin gba tirẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Jiaotong ti Chongqing. Ohun kan dùn mọ́ mi níbẹ̀: ìlú Chongqing ni yunifásítì alábàáṣe méjèèjì wà, nítorí náà ìlú kan náà ló ń tọ́ wa sọ́nà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ààlà. Yunifásítì Èkó náà ní tirẹ̀, pẹ̀lú Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Beijing. Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí padà kíákíá: ní 2003, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń kàwé ní Ṣáínà jẹ́ 1,793. Ní 2018, wọ́n ti di 81,562.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ etí, torí ibẹ̀ ni mo ti ní ohun tó pọ̀ jù lọ láti sọ.

Èdè tí ìjọba Ṣáínà ń lò, tí à ń pè ní Mandarin, ní ohùn mẹ́rin, àti ọ̀kan tó fúyẹ́ tí kì í gba àmì. Ẹ mú sílébù ma. Bó bá dúró gbọọrọ lókè, mā, ìyá ni. Bó bá ń gòkè, má, ó di ewéko tí wọ́n ń fi okùn rẹ̀ hun aṣọ. Bó bá rì sísàlẹ̀ kó tó yíjú sókè, mǎ, ẹṣin ni. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, mà, ó di bíbá èèyàn wí. Ohùn mẹ́ta Yorùbá dúró sójú kan: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ti Ṣáínà ń rìn. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ kan fi ń sọ pé ohùn tiwa ò ran tiwọn lọ́wọ́. Mi ò gbà fún wọn. Ẹ fetí sí ẹnu ara yín. Ẹ pe ìwé. Ohùn òkè tó kẹ́yìn yẹn ò bẹ̀rẹ̀ lókè. Láti ìsàlẹ̀ ló ti gùn lọ. Ohùn kejì ti Ṣáínà súnmọ́ ọn gidigidi. Ẹ wá pe kíkà. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà níbẹ̀ ń já bọ́ láti òkè, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ohùn kẹrin wọn ṣe ń já. Ohun tí olùkọ́ fi ń ya àwòrán ọfà sójú pátákó fún ọmọ Paris, ó ti wà lẹ́nu wa.

Nǹkan mìíràn tún wà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹni tó lọ ra ẹja lè ní: mo rà á. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí rà. Bó bá wá dárúkọ ohun tó rà, á ní: mo ra ẹja. Ohùn ìsàlẹ̀ ti di ti àárín, ẹnikẹ́ni ò sì jókòó kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló yí i padà. Ìkíni Ṣáínà tí gbogbo ayé mọ̀, nǐ hǎo, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nínú ìwé, ohùn kẹta ni méjèèjì. Lẹ́nu, bí ohùn kẹta méjì bá pàdé, èyí tó ṣíwájú á di ohùn kejì: ní hǎo ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí èdè abínibí rẹ̀ ò ní ohùn á ka òfin yìí sórí bí ìṣirò. Ọmọ tiwa kàn nílò ẹni tó máa sọ fún un pé, ṣebí o ti ń ṣe é.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀ wà lórí àmì. Ní 1958 ni ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí pinyin, ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ ìró èdè wọn ní lẹ́tà bíi tiwa. Nígbà yẹn, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Samuel Àjàyí Crowther ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ìwé rẹ̀ ti 1852. Ṣùgbọ́n àmì kan náà ò jẹ́ ohun kan náà. Á ti Yorùbá wà lókè. Á ti pinyin ń gòkè ni. Ohùn òkè wa ni wọ́n ń kọ ní ā. Ọmọ tó mọ àmì Yorùbá á ṣi í kà fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á là. Èyí tó ń dùn mí ni ti ọmọ tí kò mọ àmì èdè ara rẹ̀ rárá, torí pé Faransé nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn, kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ní àṣẹ, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú kíláàsì Ṣáínà fún ọmọ Kambolé á jẹ́ àmì ohùn èdè ilé rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin péré ti tó.

Ìlànà gbólóhùn náà ń ṣe ojúure sí wa. Ẹ wò ó: ná shū lái. Ná ni mú. Shū ni ìwé. Lái ni wá. Mú ìwé wá! Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó sí àyè ọmọnìkejì rẹ̀. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ló máa gbé gbogbo rẹ̀, á sì tún máa yí ìrù padà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá yí padà. Ọmọ tí wọ́n ti nà rí nítorí vais, vas, va àti allons á sinmi bó bá gbọ́ pé qù ni lọ, yálà èmi ló lọ, ìwọ ló lọ tàbí àwọn ló lọ. Ó tiwa ò bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tā tiwọn ò bèèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, àfi nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má rò pé Yorùbá tí wọ́n wọ aṣọ fún ni. Àwa ń sọ pé ilé ńlá, wọ́n ń fi ńlá ṣíwájú ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ ka ìwé kan, wọn ò lè fo ọ̀rọ̀ ìkà tó wà láàárín: yì běn shū. Ó dà bí ìgbà tí a bá ń sọ pé ẹyọ ìwé kan, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn ẹyọ pọ̀, kò sì ṣeé yọ sílẹ̀. Ti ìwé yàtọ̀ sí ti ẹran ọ̀sìn, ti aṣọ yàtọ̀ sí ti mọ́tò.

Lórí òǹkà, oníṣòwò ni kó tẹ́tí. Ní Ṣáínà, wọ́n ní orúkọ kan fún ẹgbàárùn-ún, ìyẹn wàn. Nítorí náà 100,000 kì í ṣe ọgọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbẹ̀rún létí wọn, wàn mẹ́wàá ni. Ibí yìí ni àwọn tó gba ọ̀nà Faransé dé ti ń ṣìrò, tí òdo kan á sì fò kúrò nínú owó wọn. Àwọn bàbá wa ń fi ọ̀kẹ́ ka ẹgbàáwàá, ọ̀kẹ́ márùn-ún sì ni 100,000. Ẹni tó bá ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀kẹ́ á lóye wàn láìlaagùn.

Àwọn ìró kan le: zh, ch, q àti x ń fẹ́ kí ahọ́n jókòó sí ibi tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìró mìíràn, ọmọ Togo ní àǹfààní tí ọmọ Ìbàdàn kò ní. Nǚ, tó túmọ̀ sí obìnrin, u tí wọ́n ń pè nínú Faransé ló wà nínú rẹ̀, ìró tí Yorùbá kò ní rárá.

Ti lẹ́tà ńkọ́? Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà lẹ́yìn. Kò sí álífábẹ́ẹ̀tì. Láti 1956 ni wọ́n ti dín ìlà inú ọ̀pọ̀ wọn kù, síbẹ̀ àwọn tó wọ́pọ̀ jù lọ tó 2,500. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. 妈 ni ìyá: apá òsì rẹ̀ ni obìnrin, apá ọ̀tún rẹ̀ ni 马, ẹṣin, tí wọ́n yá ìró rẹ̀ lò. Ọ̀kan ń sọ ìtumọ̀, èkejì ń sọ ìró. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ìtẹ̀léra: èyí tó wà lókè ṣáájú ti ìsàlẹ̀, ti òsì ṣáájú ti ọ̀tún. Ọmọ tó ti wà nílé kéú mọ irú ìbáwí ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ wàláà, fọ̀ ọ́, ó tún un kọ, kó tó mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kọ. Àwọn tó ń wo ilé kéú bí ibi tí wọ́n ti ń fi àkókò ọmọ ṣòfò kò tíì rò ó dé ibí yìí.

Wàyí o, ìṣirò àkókò, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ gan-an wà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè ka nǹkan bíi wákàtí 2,200 nínú kíláàsì kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lè fi Mandarin ṣiṣẹ́, nígbà tí Faransé tàbí Sípáníìṣì kò ju 600 sí 750 lọ. Ká wá wo ẹni tó mú un ní àfikún. Ká fún un ní wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 14 ní sẹmẹ́sítà kan. Ọdún kan fún un ní wákàtí 112. Ọdún mẹ́ta Licence fún un ní 336. Kò tó ìdá mẹ́fà ohun tí wọ́n kà fún àwọn aṣojú yẹn. Etí wa lè dín in kù, kò lè dín in kù tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí fún ọmọ yín pé ọdún kan ti tó, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ tà.

Àmọ́ ẹ gba ojú ìdánwò wò ó. HSK ni ìdánwò tí gbogbo ayé fi ń wọn èdè Ṣáínà. Nínú ètò tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀, ìpele kìíní ń béèrè ọ̀rọ̀ 150, ìkejì 300, ìkẹta 600, ìkẹrin 1,200. Ìlànà tuntun tó jáde ní 2021 sọ gbogbo rẹ̀ di ìpele mẹ́sàn-án. Ní ìpele kìíní àti ìkejì, pinyin wà lórí ìbéèrè, ọmọ lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní ìkẹta, wọ́n ká a kúrò. Ìpele kẹrin ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Ṣáínà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi èdè wọn kàwé. Ọ̀rọ̀ 1,200: ọdún mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ 156, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ́sẹ̀ á ti kọjá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ! Ọmọ tó há Kùránì sórí ò gbọdọ̀ sọ pé mẹ́jọ pọ̀. Ohun tó ń pa àwọn ọmọ ni ìdádúró. Èdè tí kò ní máàkì nínú èsì ìdánwò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jù sílẹ̀ bí àkókò ìdánwò bá dé, oṣù mẹ́ta ìsinmi á sì gbọn ìyókù dànù.

Ìdájọ́ mi lórí èyí ò ní awẹ́ méjì. Ẹni tó fẹ́ mú un fún sẹmẹ́sítà kan, kó lo àkókò yẹn sórí iṣẹ́ rẹ̀. Ìkíni mẹ́wàá ò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ẹni tó lè fi ọdún mẹ́ta sí i láìdúró, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Kó má sì kánjú ṣe HSK: fún ìgbàwọlé sí yunifásítì Ṣáínà, ọdún méjì péré ni èsì náà fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́ á tún un ṣe kó tó gba Licence.

Kí ló máa wá fi ṣe? Ọ̀pọ̀ ń ronú iṣẹ́ ògbufọ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn tó fi gbogbo ọdún wọn kọ́ èdè nìkan á máa ṣíwájú ẹni tó mú un ní àfikún. Ibi tí ẹni àfikún ti lágbára ni ibi tí iṣẹ́ méjì ti pàdé. Agbẹjọ́rò tó lè fi ojú ara rẹ̀ wo apá Ṣáínà nínú àdéhùn iṣẹ́, kó rí i pé iye tó wà níbẹ̀ bá ti apá Faransé mu, irú rẹ̀ ò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, tó sì lè bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní Anié láìsí alágbàsọ, á di ẹni tí wọn ò fẹ́ kó lọ. Ní Anié yìí, kó rántí pé táng ni ṣúgà, tāng ni ọbẹ̀.

Ti iṣẹ́ ọ̀gbìn ló kàn mí jù lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Ṣáínà ti yọ owó ibodè kúrò lórí gbogbo ọjà tó ń wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn kéré jù lọ, tí wọ́n bá ní àjọṣe pẹ̀lú rẹ̀. Togo wà lára wọn. Agbègbè Tchamba ní kajú, ilé iṣẹ́ Cajou Espoir sì ń fọ́ ọ níbẹ̀; ṣọ́yà náà wà. Yíyọ owó ibodè kúrò ò ní kí wọ́n má yẹ ẹrù wò: òfin ìmọ́tótó àti ti kòkòrò ohun ọ̀gbìn wà síbẹ̀, èdè Ṣáínà sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ Tchamba kan tó kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, tó sì lè ka ìwé yẹn fúnra rẹ̀, á wúlò fún àwọn àgbẹ̀ ju àpérò mẹ́wàá lọ ní Lomé.

Àwọn kan á ní fóònù ti ń túmọ̀ báyìí. Òótọ́ ni, ó sì dára fún ọjà. Google ti ń túmọ̀ Yorùbá láti 2013, ó fi Ewe kún un ní 2022. Ẹni tó ń ra bọ́tìnnì aṣọ ní ọjà Yiwu ní Ṣáínà ò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fóònù ò bá èèyàn jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu gidi, kì í sì í bá wọn rojọ́ nígbà tí ọjà bá dé tí kò bá ohun tí wọ́n rà mu.

Ohun kan wà tí mi ò ní gbójú fò. Ìjọba Ṣáínà ló dá Ilé Ẹ̀kọ́ Confucius sílẹ̀. Yunifásítì Chicago dá tirẹ̀ dúró ní 2014, ti Stockholm tẹ̀ lé e ní 2015. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó tó nǹkan bí 100 ní 2019 kò pé márùn-ún mọ́ nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2023. Ohun tí wọ́n bá wọn wí ni pé wọ́n ń yẹra fún ọ̀rọ̀ Taiwan, Tibet àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tiananmen ní 1989, pé ìjọba àjèjì kò sì gbọdọ̀ ní ọwọ́ nínú ẹ̀kọ́ yunifásítì. Ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Síbẹ̀ mi ò ní gba ọmọ Kambolé níyànjú pé kó sá. Kó lọ, kó gba èdè náà dé góńgó, kó sì mọ̀ pé èdè kì í ṣe ti ìjọba: ti àwọn akéwì rẹ̀ ni, ti àwọn ọlọ́jà rẹ̀, ti àwọn tó fi í bá ìjọba wọn jiyàn. Kó ka ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ kò yàn fún un. Ohun tó yẹ kó dun àwọn aláṣẹ wa ni pé ohun tí a kò fi owó wa ṣe, àṣẹ rẹ̀ kì í sí lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ṣáínà náà wà, ti ìjọba wọn àti ti àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ èdè. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ga. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn tí àrùn Kòrónà ká mọ́lé láti 2020: Ṣáínà ti ibodè rẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ju ọdún méjì lọ kàwé lórí fóònù, ní ilé bàbá wọn. Ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ kò rì nígbà yẹn. Ìdí kan tún nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ àfikún, kó má jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Àwọn ọmọ Ṣáínà kan ń kọ́ Yorùbá báyìí ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Èdè Òkèèrè ti Beijing. Mo ti gbọ́ wọn lórí fídíò, wọ́n ń kí èèyàn, wọ́n ń kúnlẹ̀. Inú mi dùn, ojú sì tì mí díẹ̀, nítorí àwọn yẹn mọ ibi tí àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀ wa ju ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní Lomé lọ.

Ìpèníjà tó kù ni ti ọ̀nà jíjìn. Lomé ni Ilé Ẹ̀kọ́ Confucius wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ àárín gbùngbùn Togo ló sì ń lọ sí Yunifásítì Kara, tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2004, tí kò ju nǹkan bíi 75 kìlómítà lọ sí Sokodé. Owó ilé tí òbí ò ní láti san ní Lomé ló ń gbé wọn lọ síbẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì méjèèjì: Licence jẹ́ kírẹ́díìtì 180. Ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún èdè àfikún, kí ó wà nínú èsì ìdánwò ọmọ, kí ó lè máa bá a lọ ní ọdún kejì àti ìkẹta. Ẹ gbé kíláàsì tó dúró ṣinṣin lọ sí Kara. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó mọ Ede Nago àti Tem, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tó mọ Ṣáínà, kí ẹ kọ ìwé ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò gba ọ̀nà Faransé kọjá, èyí tí mú ìwé wá á ti dojú kọ ná shū lái.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín yege BAC lọ́dún yìí, bó bá sọ fún yín pé òun fẹ́ fi èdè Ṣáínà kún òfin tàbí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹ má kọ̀ fún un. Ẹ kàn bi í bóyá ọdún mẹ́ta ló fẹ́ fi ṣe é, kí ẹ sì rí i pé ó forúkọ sílẹ̀ kí sẹmẹ́sítà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.